Ìròyìn Kò Tó Àfojúrí: Ìtàn Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Mọ Egungun Ara Rẹ̀

Ìfáàrà

Òwe àwọn àgbà ni pé ìròyìn kò tó àfojúrí. Nínú gbogbo ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn, kò sí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó ibi ọ̀rọ̀ egungun ara ènìyàn. Egungun kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ń bọ́jú ní òwúrọ̀ ń fi ọwọ́ kan agbárí àti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ó ń wẹ ọmọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá ẹ̀yìn àti egungun ìhà ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn pé egungun méjì ni ó pàdé ní àgbọ̀n láti di párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, àti pé ìpín méje ni egungun àárín àyà ní. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì.

Kì í ṣe pé egungun ṣọ̀wọ́n ni àṣìṣe yìí fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Itẹ́ òkú wà ní gbogbo ìlú. Ohun tí ó fà á ni pé ọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan ti kọ ọ́ sínú ìwé, gbogbo ayé sì gba ìwé náà gbọ́ ju ojú ara wọn lọ. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó kan ẹnikẹ́ni tí yóò di olùkọ́: báwo ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe lè máa kọ́ni, láti ìran dé ìran, ní ohun tí àgbọ̀n ara wọn ń ta kò?

Ètò Egungun Àárín Ara

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe to àwọn egungun wọ̀nyí gan-an. 206 ni egungun ara àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́. 80 nínú wọn ni ó wà ní àárín gbùngbùn ara, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ so mọ́. Àwọn ni egungun orí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, àti ti ìhà pẹ̀lú àyà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti dáàbò bo ọpọlọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n sì mú kí ènìyàn lè dúró ṣánṣán.

Egungun 22 ni ó para pọ̀ di agbárí àti ojú. 8 nínú wọn ni ó yí ọpọlọ ká bí igbá ti ń yí omi ká. 14 yòókù ni ó gbé ojú, imú àti ẹnu ró. Wọ́n há mọ́ ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọ ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé sì dà bí ojú igbá tí ó fọ́ tí a rán. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó lè mira nínú gbogbo wọn, èyí ni párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ tí a fi ń jẹun tí a sì fi ń sọ̀rọ̀. Ní orí ọmọ tuntun, àwọn egungun agbárí kò tíì pàdé tán. Ìdí nìyí tí àwùjẹ̀ fi ń mì lókè orí ọmọ ọwọ́, tí agbárí rẹ̀ sì fi lè fún pọ̀ díẹ̀ nígbà tí ìyá ń bí i. Kí ọmọ tó pé ọdún méjì ni àwùjẹ̀ sábà máa ń dí.

Ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan gbọọrọ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Oríkèé 33 ni ó wà níbẹ̀ ní ìgbà èwe: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn níbi tí egungun ìhà ti so, 5 ní ìbàdí, 5 ní ìdí, àti nǹkan bí 4 kéékèèké ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ìrù ìbá wà bí ó bá jẹ́ ẹranko. Bí ènìyàn ti ń dàgbà, 5 ti ìdí yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn di ẹyọ kan, àwọn ti ìsàlẹ̀ yóò sì ṣe bákan náà. Oríkèé kìn-ín-ní lábẹ́ agbárí ni a fi ń mi orí láti wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ó ti jókòó lé èkejì ni a fi ń yí orí láti wí pé rárá. Ohun ìyanu ni pé oríkèé ọrùn àgùnfọn kò ju 7 náà lọ, bí ọrùn rẹ̀ ti gùn tó. Ihò wà láàrin oríkèé kọ̀ọ̀kan, inú ihò wọ̀nyí ni iṣan ńlá tí ó ti inú ọpọlọ wá ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ni ìfarapa ọrùn ṣe léwu tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn àgbà fi ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ní ti ìhà, 12 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 24 lápapọ̀. 7 ti òkè ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kan egungun àyà tààrà. 3 tí ó tẹ̀ lé wọn gbára lé egungun rírọ̀ ti èyí tí ó wà lókè wọn. 2 ti ìsàlẹ̀ kò kan ibì kankan níwájú. Egungun àyà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìpín mẹ́ta ní ara àgbàlagbà. Iye egungun ìhà ọkùnrin kò dín, bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin kò lé.

Galen ará Pergamum

Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, àwọn oníṣègùn Gíríìkì méjì ní ìlú Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, Herophilus àti Erasistratus, ti la òkú ènìyàn wò. Ìwé wọn kò kù sílé ayé, àfi ohun tí àwọn ẹlòmíràn yọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú wọn, àṣà náà parẹ́. Ní ilẹ̀ ọba Róòmù, ẹnikẹ́ni kì í la òkú ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́.

Inú irú ayé bẹ́ẹ̀ ni a bí Galen sí ní ọdún 129, ní ìlú Pergamum tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní. Nígbà èwe rẹ̀, òun ni ó ń tọ́jú àwọn jagunjagun tí wọ́n ń fi idà jà lójú agbo láti dá àwọn ènìyàn lára yá, ojú ọgbẹ́ wọn sì ni ó ti kọ́kọ́ rí inú ara ènìyàn. Nígbà tí ó yá, ó lọ sí Róòmù, ó sì di oníṣègùn láàfin ọba Marcus Aurelius. Ìwé tí ó kọ pọ̀ jọjọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìwé nípa egungun fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Galen mọ̀ pé ojú ni ó yẹ kí a fi rí egungun. Ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí wọ́n lọ sí Alẹkisáńdríà, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń fi egungun ènìyàn gan-an kọ́ni. Ó tún kọ nípa ìgbà méjì tí orí bá òun ṣe é. Ní ìgbà kan, odò kún, ó wú sàréè kan, ó sì gbé òkú inú rẹ̀ jáde. Ní ìgbà kejì, arìnrìn-àjò kan pa ọlọ́ṣà tí ó dá a lọ́nà, kò sí ẹni tí ó sin òkú náà, àwọn ẹyẹ sì jẹ ẹran ara rẹ̀ títí ó fi ku egungun. Ṣùgbọ́n irú orí rere bẹ́ẹ̀ kì í wá lójoojúmọ́. Ohun tí Galen ń là jù lọ ni ọ̀bọ, ó sì yàn án nítorí pé ó rí i pé ó jọ ènìyàn.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Egungun àárín àyà ọ̀bọ pín sí ọ̀pọ̀ ìpín, Galen sì kọ ọ́ pé méje ni ti ènìyàn. Ó kọ pẹ̀lú pé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ jẹ́ méjì tí ó pàdé ní àgbọ̀n. Ẹni tí ó bá ti jẹ orí ewúrẹ́ rí yóò mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti wá: bí a bá se orí ewúrẹ́ jinná tán, párì ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò là sí méjì níwájú láìlo àáké. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ajá. Ti ọmọ ènìyàn pẹ̀lú pín sí méjì nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ṣùgbọ́n láàrin ọdún kan, ó ti di ọ̀kan, kò sì tún ní là mọ́ títí ọjọ́ ikú.

Kò yẹ kí a fi Galen ṣe ẹlẹ́yà. Ó ṣe ohun tí agbára rẹ̀ gbé ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀bi tí ó pọ̀ jù wà lọ́rùn àwọn tí wọ́n gba ìwé rẹ̀, tí wọ́n sì gbàgbé ìmọ̀ràn rẹ̀ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ wò.

Ìyàn Ilẹ̀ Íjíbítì

Ẹni kìn-ín-ní tí a mọ̀ tí ó dìde láti wí pé Galen ṣìnà nípa párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í ṣe ará Yúróòpù. Abd al-Latif ni orúkọ rẹ̀, ìlú Baghdad ni a sì bí i sí ní ọdún 1162. Oníṣègùn ni, ó mọ ìwé Galen dáadáa, ó sì ń fi kọ́ni. Ó wà ní ilẹ̀ Íjíbítì nígbà tí odò Náílì kọ̀ láti kún bí ó ti yẹ, tí ìyàn ńlá sì mú láti ọdún 1200 títí di 1202. Àwọn ènìyàn kú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò sin wọn. Ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní al-Maqs lẹ́bàá ìlú Káírò, òkú jọ lé ara wọn bí òkìtì.

Abd al-Latif lọ síbẹ̀. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni ó rí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé pé olùkọ́ ni òun. Ó ń gbé párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí èyí tí ó ní ojú ìpàdé ní àgbọ̀n. Ó ní kí àwọn ẹlòmíràn wò ó pẹ̀lú òun kí ojú òun má baà tan òun jẹ. Agbárí tí wọ́n yẹ̀ wò ju 2,000 lọ. Gbogbo rẹ̀ fi ohun kan náà hàn: egungun ẹyọ kan ni. Nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ nípa ilẹ̀ Íjíbítì, ó sọ láìṣe àbòsí pé bí Galen tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń fara balẹ̀ púpọ̀, ẹ̀rí ojú ju ẹ̀rí tirẹ̀ lọ.

Ó ṣeni láàánú pé ọ̀rọ̀ yìí kò rìn jìnnà. Ọdún 1800 ni a tó tẹ ìwé náà jáde lódindi pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì ní ìlú Oxford. Nígbà náà, ẹlòmíràn ti tún àwárí kan náà ṣe, òun ni ó sì gba òkìkí rẹ̀.

Vesalius àti Egungun Orí Igi

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlú Bologna ní Ítálì ni a ti tún bẹ̀rẹ̀ sí la òkú ènìyàn ní gbangba fún ẹ̀kọ́. Mondino de Luzzi kọ ìwé rẹ̀ nípa iṣẹ́ náà ní ọdún 1316. Ṣùgbọ́n àṣà kan gbilẹ̀ lẹ́yìn náà tí ó ba ohun rere yìí jẹ́. Ọ̀gá olùkọ́ yóò jókòó sórí àga gíga, yóò máa ka ìwé Galen ní èdè Látìnì. Onígbàjámọ̀ ni yóò máa fi ọ̀bẹ la òkú nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń kàwé kì í wo òkú, ẹni tí ó ń la òkú kò gbọ́ Látìnì. Bí òkú bá ta ko ìwé, òkú ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Andreas Vesalius, tí a bí ní ìlú Brussels ní ọdún 1514, kò fara mọ́ àṣà yìí. Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, itẹ́ òkú ni ó ń lọ láti wo egungun. Ó mọ̀ wọ́n débi pé bí a bá fi aṣọ bò ó lójú, yóò fi ọwọ́ lásán mọ egungun tí a gbé fún un. Ní ọdún 1536, ogun lé e padà sí ìlú Louvain. Lójú ọ̀nà lẹ́yìn odi ìlú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gemma Frisius rí òkú ọ̀daràn kan lórí igi tí a fi ń pa arúfin. Ẹyẹ ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, iṣan nìkan ni ó so egungun rẹ̀ mọ́ra. Vesalius gun igi náà, ó já ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì ń kó wọn wọlé ní jẹ́jẹ́. Ẹ̀wọ̀n irin ni ó de àyà òkú náà mọ́ igi. Nítorí èyí, ó jẹ́ kí wọ́n ti ibodè mọ́ òun síta ní alẹ́ kan kí ó lè já a láìsí ẹni tí yóò rí i. Nígbà tí àwọn ènìyàn bèèrè ibi tí ó ti rí egungun tí ó tò jọ náà, ó ní Paris ni òun ti gbé e bọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1537, kí ó tó pé ọmọ ọdún 23, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Padua. Níbẹ̀ ni ó ti ju àga gíga sílẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ la òkú lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ Galen pátápátá. Ohun tí ó là á lójú ni ohun tí ó ṣe ní Bologna ní ọdún 1540. Ó to egungun ọ̀bọ jọ, ó to egungun ènìyàn jọ, ó sì gbé àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ Galen kò ti bá ènìyàn mu, ó ń bá ọ̀bọ mu. Àṣírí tú pé ara ọ̀bọ ni ayé ti ń kà ní orúkọ ara ènìyàn láti ìgbà yìí wá.

Ní ọdún 1543, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 28, ìwé ńlá rẹ̀ nípa bí a ṣe kọ́ ara ènìyàn jáde ní ìlú Basel, láti ilé ìtẹ̀wé Johannes Oporinus. Apá kìn-ín-ní nínú apá méje rẹ̀ dá lé egungun. Ó wí níbẹ̀ pé ẹyọ kan ni párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, pé mẹ́ta ni ìpín egungun àyà, àti pé ọkùnrin àti obìnrin ní iye ìhà kan náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ rò pé ti ọkùnrin yóò dín ní ọ̀kan nítorí ìtàn Ádámù.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Jacobus Sylvius, tí ó kọ́ Vesalius ní Paris, kọ ìwé ní ọdún 1551 láti bú u. Ó yí orúkọ rẹ̀ po kí ó lè túmọ̀ sí wèrè. Kàkà kí ó gbà pé Galen ṣìnà, ó ní ara ènìyàn ni ó yí padà láti ìgbà ayé Galen! Ọkùnrin yìí kò ya òmùgọ̀. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni, ó sì fẹ́ràn ìwé. Ohun tí ó ṣe é ni pé ó ti fi ìwé sí ibi tí ó yẹ kí ojú wà.

Ta Ni Ó Ni Àwọn Egungun Náà?

Ìtàn yìí ní apá kejì tí kò dùn ún sọ. Gbogbo egungun tí a fi kọ́ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ó jẹ́ ti ẹnì kan. Ní Basel ní ọdún 1543, Vesalius la òkú ọ̀daràn kan tí a pa, Jakob Karrer von Gebweiler, ó sì to egungun rẹ̀ jọ. Egungun náà wà ní Basel títí di òní. A mọ orúkọ ti èyí, ṣùgbọ́n a kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà lórí igi ní Louvain.

Bí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ń pọ̀ sí i ni òkú ń wọ́n sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1752 fi àyè gba àwọn oníṣẹ́ abẹ láti gba òkú àwọn apànìyàn tí a yẹgi fún, ṣùgbọ́n kò tó wọn. Àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí hú òkú ní òru, wọ́n ń tà á. Ní ìlú Edinburgh ní ọdún 1828, William Burke àti William Hare ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n pa ènìyàn 16, wọ́n sì ta òkú wọn fún Robert Knox, olùkọ́ ìṣègùn. Wọ́n yẹgi fún Burke ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1829, wọ́n la òkú tirẹ̀ náà, egungun rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Edinburgh títí di òní. Òfin ọdún 1832 ni ó fi òpin sí òwò òkú, ṣùgbọ́n orí àwọn tálákà ni ó di ẹrù náà lé. Òkú ẹni tí ó bá kú sí ilé àwọn aláìní, tí kò rí ẹbí tí yóò gbà á sin, ni a ń gbé lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọlọ́rọ̀ ní sàréè. Òtòṣì di ìwé kíkà.

Èyí tí ó burú jù ni ti agbárí wíwọ̀n. Oníṣègùn kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Samuel George Morton, kó agbárí jọ láti gbogbo ayé, ó ń da hóró músítádì, lẹ́yìn náà ọta òjé, sínú wọn láti mọ bí àyè inú wọn ti tóbi tó. Láti ọdún 1839, ó ń tẹ ìwé jáde tí ó fi to ẹ̀yà ènìyàn lé ara wọn bí àtẹ̀gùn, ó sì fi àwọn aláwọ̀ funfun sí òkè. Lára agbárí tí ó kó jọ ni èyí tí ó ju 50 lọ, ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kú sí oko ẹrú ní Cuba. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ Yorùbá púpọ̀ lọ sí Cuba lẹ́yìn tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti fọ́. Ọmọ ilẹ̀ Haiti kan, Anténor Firmin, dá irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lóhùn ní ọdún 1885 nínú ìwé ńlá tí ó kọ láti fi hàn pé ìran ènìyàn dọ́gba. Títóbi agbárí kò so mọ́ ọgbọ́n bí wọ́n ti wí. Ní ọdún 2021, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Pennsylvania, tí àwọn agbárí náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, tọrọ àforíjì ní gbangba.

Ẹ kíyè sí i pé Galen, Vesalius àti Morton ni gbogbo wọn fi ọwọ́ kan egungun. Ojú nìkan kò tó. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ rí kí ó tó wò kò sàn ju ẹni tí kò wò rárá.

Agbárí Ihò Eléérú

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ nínú ìtàn yìí. Lẹ́bàá ìlú Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ihò Eléérú nítorí eérú tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ ọ́ sínú ìwé ní Iwo Eleru, orúkọ àṣìkọ náà ni ayé sì mọ̀ ọ́n sí jù. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ wú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun ènìyàn kan tí a sin, pẹ̀lú agbárí àti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti ju 11,000 ọdún lọ tí ẹni náà ti kú.

Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ tí Katerina Harvati ṣáájú tẹ àbájáde àyẹ̀wò tuntun jáde. Wọ́n rí i pé agbárí náà gùn sẹ́yìn, òkè rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àwọn ènìyàn òde òní lọ. Ó jọ agbárí tí ó dàgbà jù ú lọ jìnnà. Ohun tí èyí ń kọ́ni ni pé ìtàn àwọn ènìyàn ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jìn, ó sì lọ́jú pọ̀ ju bí ìwé ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n sin òkú náà kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Egungun ni ó jẹ́rìí fún wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ní ilẹ̀ Jámánì ṣàwárí ìtànṣán tí ó lè fi egungun ẹni tí ó wà láàyè hàn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gun igi ní òru nítorí àtimọ ìhà. Ṣùgbọ́n àga gíga tí Vesalius sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ kò tíì kúrò nílé ayé. Ó wà ní gbogbo kíláàsì tí olùkọ́ ti ń ka ohun tí olùkọ́ tirẹ̀ kà fún un, tí ọmọ ń dà á kọ, tí ọmọ ń há a sórí, tí ó sì ń gba máàkì, láìsí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan nǹkan kan.

Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí ìlú tí kò ní iná mànàmáná, tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní àwòrán egungun kankan lára ògiri, kò ṣe aláìní. Kí ó ya ọ̀dọ̀ alápatà, kí ó tọrọ párì ìsàlẹ̀ ewúrẹ́ kan, kí ó sè é kí ó mọ́. Kí ó là á sí méjì lójú àwọn ọmọ. Kí ó wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tọ àgbọ̀n ara rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, kí wọ́n wá ojú ìpàdé níbẹ̀. Wọn kò ní rí i. Nígbà náà ni kí ó tó sọ fún wọn nípa Galen, nípa ìyàn Íjíbítì, àti nípa egungun orí igi ní Louvain.